Oògùn Ọtí Tí Wọ́n Fi Ọtí Ṣe

Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kí o tó mu nǹkan kan, tí ó sì ń dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti mu ún, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò ní pè ọ́ ní ọ̀mùtí. Àwọn tí ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó. Mo ṣe àìsàn yìí, mo sì wà láàyè. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ ni bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́, àti ohun tí àwọn èèyàn pè ní ìrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ni ó pọ̀ jù. Inú ń bí mi sí i títí di òní, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Orúkọ mi ni Ràímì. Agboolé kan lẹ́yìn Ọjà'ba, ní ìsàlẹ̀ Mápó ní Ìbàdàn, ni wọ́n bí mi sí. Ilé Mùsùlùmí ni, ọtí kì í wọ ibẹ̀. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alájì ni ó tọ́ mi dàgbà. Oníṣòwò aṣọ ni lọ́jà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òfin nínú ilé, òun náà ni ó sì rán mi lọ sí ilé-ìwé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé ìwé yóò sọ mí di kèfèrí. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wa tí ó wọ yunifásítì. Ní ọjọ́ tí mo gboyè, ó pa àgbò, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú ẹbí. N kò gbàgbé ìyẹn. Bí mo bá ń ṣàròyé rẹ̀ nínú ìwé yìí, kì í ṣe pé mo jẹ́ aláìmoore.

Ní yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ mu bíà. Gbogbo wa ni ń mu ún, àwọn olùkọ́ wa pàápàá ń mu ún pẹ̀lú wa, kò sì sí ẹnìkan tí ó sọ fún mi pé àwọn kan wà tí ọtí máa ń fi sílẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́, tí àwọn mìíràn sì wà tí kì í fi sílẹ̀. Mo di olùkọ́ ìtàn ní ilé-ìwé gírámà kan. Mo fẹ́ Sìdíkátù, aránṣọ ni, ọmọ àdúgbò Bẹyẹrúnkà. A bí Rísíkátù. Láti orí bíà mo bọ́ sórí ọtí líle tí ó ń ti òkè òkun wá, láti orí ìyẹn mo bọ́ sórí ògógóró. Ní ọdún tí ilẹ̀ wa gba òmìnira, gbogbo ìlú ń jó, èmi kò rántí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ọwọ́ mi ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi. Bí mo bá fẹ́ kọ nǹkan sójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì á máa lu pátákó náà tó-tó-tó bí ẹyẹ tí ń ṣá igi. Àwọn ọmọ kíláàsì kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń wolẹ̀, ìyẹn sì burú ju ẹ̀rín lọ. Lẹ́yìn ọwọ́ ni ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bí ẹni pé mo tẹ ata gígún. Nígbà tí ó pẹ́, kò jó mi mọ́. Mo rò pé ó ti sàn, n kò mọ̀ pé ó ti kú ni.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gba inú Ọjà'ba lọ sí òkè Mápó. Obìnrin kan tí ń ta èlùbọ́ ké sí mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹsẹ̀ yín kan kò wọ bàtà o." Mo wolẹ̀. Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, ibi tí ó bọ́ sí n kò mọ̀, mo sì ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, n kò gbọ́ ọ lára. Ẹnìkejì rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Fi tíṣà sílẹ̀ o jàre. Ọtí àná ló ṣì ń rìn, kì í ṣe òun." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀ pé n kò tíì fi ọtí kan ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Sìdíkátù kò bá mi jà. Ó dúró títí ọjọ́ tí mo gbé Rísíkátù tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú láti orí àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ kejì ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé wa pé òun kò kọ mí, ṣùgbọ́n ọmọ òun kò ní padà àfi ọjọ́ tí Bàbá Alájì bá fúnra rẹ̀ wá sọ pé ara mi ti yá. Ẹ̀rí ẹnu tèmi kò tó fún un. Ẹnu Bàbá Alájì ni ìyàwó mi àti ọmọ mi wà láti ìgbà náà.

Mo lọ sí ọsibítù. Bẹ́ǹṣì ni a jókòó sí láti àárọ̀, à ń sún mọ́ iwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ti àpò gaàrí. Nígbà tí ó kàn mí, nọ́ọ̀sì ní, "Kí ló ń ṣe yín?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi kò mọ nǹkan lára mọ́."

"Ẹ ń mutí?"

"Mo ń mu ún."

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo sọ ọ́ sókè. Ìyá kan tí ó jókòó tì mí gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí itan tí ó súnmọ́ mi, ó gbé e sórí èkejì. Ikọ́ ni ọmọ náà ń wú. Ikọ́ rẹ̀ lè ràn mí, ọtí tèmi kò lè ràn án, ṣùgbọ́n òun ni ó sá fún mi.

Wọ́n dá mi dúró. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí n kò rí ọtí mu, n kò fẹ́ kí ó ṣe ọ̀tá mi. Òógùn bò mí, ara mi ń gbọ̀n pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, mo rí èèrà tí ń tò lọ lára ògiri tí ẹlòmíràn kò rí. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ọ: bí o bá ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ kí o ní o fẹ́ dá a dúró lójijì. Ó lè pa ọ́. Lọ síbi tí wọn yóò ti máa wò ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ bú ọ níbẹ̀.

Ọkùnrin tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi já láti orí òrùlé ni, egungun itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Àlejò rẹ̀ kì í tán. Wọ́n á gbé ẹ̀kọ, wọ́n á gbé ọsàn, wọ́n á dúró yí i ká, wọ́n á máa wí pé, "Ẹ kú ara, ẹ kú ìrora, Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí oògùn." Ilé wa kò jìnnà sí ọsibítù náà, àwọn ìyàwó ilé ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ sọ́jà. Kò sí ẹni tí ó yà. Ẹni tí ó bá mú lẹ́tà wá fún mi láti ilé-ìwé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń bi mí: "Ṣé o ti ronúpìwàdà?" Kò sí ẹni tí ó kí mi kú ara. Ìyàwó ọkùnrin tí itan rẹ̀ ṣẹ́ na ọsàn kan sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ gbà, ẹ̀yin tí ẹ kò lẹ́nìkan." Oore ni ó fẹ́ ṣe. Mo ní ẹbí tí ó kún agboolé kan, mo sì gba ọsàn náà.

Dókítà tí ó tọ́jú mi jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ó tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lára, n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti fi ọtí dípò oúnjẹ. Fítámì ti tán lára yín. Ẹsẹ̀ yìí kò kú, ebi ló ń pa á." Wọ́n ń gún mi ní abẹ́rẹ́ fítámì láràárọ̀. Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi, mo sì dúpẹ́ pé ó ń jó mi. Mo bi dókítà náà pé, "Ṣé fítámì yìí lè pa òùngbẹ ọtí náà?" Ó ní, "Àwọn kan lókè òkun rò bẹ́ẹ̀. Èmi kò mọ̀." Nínú gbogbo ẹni tí mo bá pàdé nínú ọ̀ràn yìí, òun nìkan ni ó sọ pé òun kò mọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ mí ní ọ̀nà kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀, Bàbá Alájì wá. Kò jókòó. Dókítà sọ fún un pé, "Ẹ máa fún un ní oúnjẹ gidi, kí ẹ sì ra tọ́nìkì fún un." Kò sọ irú tọ́nìkì wo. Ó ti yí sí bẹ́ẹ̀dì kejì kí n tó la ẹnu.

Ilé-ìwé fún mi ní ìsinmi. Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ pé àwọn kan rò bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Mo padà sí ilé ìkàwé yunifásítì, mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń ka ìwé ìṣègùn, mo ń ka ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ mi. N kò ní bù mọ́ ohun tí mo rí. Àwọn dókítà kan ń fún àwọn tí ọtí mú ní fítámì púpọ̀, wọ́n ní àwọn kan nínú àwọn aláìsàn náà lè fi ọtí sílẹ̀. Àwọn dókítà mìíràn ní ẹ má yára, pé ẹni tí a bá ń bọ́ tí a sì ń tọ́jú, ara rẹ̀ lè yá láìjẹ́ pé fítámì ni. Onítàn ni mí. Mo mọ bí ẹlẹ́rìí méjì ṣe ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa ogun kan náà. Mo pinnu pé èmi yóò fi ara mi ṣe ẹlẹ́rìí kẹta.

Hóró fítámì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wọ́n jù fún mi, mo sì wá a nínú oúnjẹ. Ìwé ní ó wà nínú èèpo ọkà, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀dọ̀ màlúù, àti ìwúkàrà tí àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì ń lò. Mo ra èèrí àgbàdo, mo yan án, mo ń bù ú mọ́ ẹ̀kọ láràárọ̀. Ní Ìbàdàn, àgùntàn àti ewúrẹ́ ni ó ni èèrí. Àwọn ọmọ ilé kó ara wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń wí pé, "Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ń jẹ èèrí." Ìyá Súlè, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, yọjú, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀ fún àgbò Iléyá." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo bá ẹnìkan rín nínú ilé náà ní ọdún yẹn, nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín.

Oorun mi padà. Ọwọ́ mi dúró. Òùngbẹ náà ṣì ń wá ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wá bí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn tí ó sì lọ bí a kò bá dá a lóhùn. Ibi tí mo dé nìyẹn nígbà tí Bàbá Alájì pè mí sí pálọ̀ rẹ̀.

Ìgò dúdú kan wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Ó ní, "Dókítà ní tọ́nìkì. Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé Bẹẹrẹ lọ rà á. La ẹnu."

Mo lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo la ẹnu. Ahọ́n mi mọ ohun náà kí ojú mi tó rí ara ìgò. Mo ní, "Bàbá, ọtí wà nínú èyí."

"Tọ́nìkì ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i."

"Ràímì, láti ìgbà tí mo ti Mẹ́kà dé ni mo ti ń mu ún, òun ló ń gbé mi ró. Ohun gbogbo ni o fẹ́ kà. Kíkà yẹn ló gbé ọ débi tí o wà. Gbé e mì."

Mo gbé e mì. Ẹni tí kò bá ní àìsàn yìí kò lè mọ ohun tí ṣíbí kan lè ṣe. Òùngbẹ tí ó ń kan ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ wọlé, ó jókòó.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá ọkùnrin tí ó tà á ní Bẹẹrẹ. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń pè é, kò sì kọ̀ ọ́. Mo nawọ́ sí ìgò náà lórí pẹpẹ, mo ní, "Wáìnì ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ó ní, "Tíṣà, wáìnì ti ìṣègùn ni. Àwọn Alájì ló ń rà á jù lọ́wọ́ mi. Àbí ẹ fẹ́ sọ pé àwọn Alájì ìlú yìí ń mutí?"

"Mo fẹ́ kí ẹ máa sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò lè kà á."

"Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rà á, ẹ ò ní rà á? Èèyàn wà lẹ́yìn yín."

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àbúrò màmá mi dé láti abúlé. Ó fẹ́ràn mi, n kò jiyàn ìyẹn. Ó gbé ìgò egbò kan wá, ó ní òun ni ó mú kí ọkọ aládùúgbò òun kórìíra ọtí pátápátá. Mo bi í pé, "Ìyá, kí ni wọ́n fi rẹ egbò yìí?"

Ó ní, "Ògógóró ni. Kí ni ìbá tún jẹ́? Ọtí ló mọ ọ̀nà tí ọtí gbà wọlé, òun náà ni yóò lé e jáde."

"Ọkọ aládùúgbò yín ńkọ́, ṣé kò mu mọ́?"

"Kò mu ẹmu mọ́. Oògùn yìí nìkan ló ń mu."

Nígbà tí mo dá ìgò náà padà fún un, ó sunkún, ó ní mo ti fi hàn fún ìyá mi tí ó wà ní sàréè pé kò ní àbúrò. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ọ́ lọ́rùn. Oògùn nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé wá fún ọ. Ìfẹ́ ni wọ́n dè mọ́ ìdí rẹ̀, bí o bá kọ ọ̀kan o ti kọ èkejì.

Mo padà sí iṣẹ́. Ṣíbí Bàbá Alájì ń bẹ láàárọ̀, ó ń bẹ nírọ̀lẹ́. Mo ń jẹ èèrí mi, mo ń jẹ ẹ̀wà mi, ohun tí fítámì ń tún ṣe lára mi lọ́sàn-án ni ṣíbí ń tú nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi rọ́jú. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ilé-ìwé, ẹsẹ̀ mi tí ó ti sàn gbé mi lọ sí ilé ológógóró, wọ́n sì rí mi níbi tí mo sùn sí lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi lábẹ́ orí. Ilé-ìwé lé mi. Bàbá Alájì kò pariwo. Ó sọ fún ẹbí pé, "Ẹ wo ọmọ yìí, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí mò ń fún un." Wọ́n gbèrò lórí rẹ̀, wọ́n ní ó jọ pé oògùn náà kò tó. Wọ́n sọ ṣíbí di ife.

Ó wá ṣe ìlérí kan fún mi. Bí mo bá lè mu tọ́nìkì náà tán déédéé títí oṣù yóò fi parí, òun yóò ránṣẹ́ pe àna mi, òun yóò sì sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ pé ara mi ti yá. Sìdíkátù yóò padà wá sílé. Ìyàwó mi àti ọmọ mi ni ó gbé sí ìsàlẹ̀ ife náà, tọkàntọkàn ni ó sì gbé e síbẹ̀, ó gbà pé oore ni òun ń ṣe.

Mo mu ún. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan mo mu ún, mo wọ yàrá mi, mo fún Ìyá Súlè ní kọ́kọ́rọ́ kí ó ti ilẹ̀kùn láti ìta, kí n má baà jáde lọ wá ọtí, kí ó má sì ṣí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òun nìkan ni mo lè bẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì bi mí ní ìdí. Mo ń gbọ́ tí àwọn ará ilé ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń fi ọmọ ṣeré lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó bá mi sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Mo mọ̀ nínú àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn pé mo lè rí Sìdíkátù gbà padà báyìí, ṣùgbọ́n pé kí oṣù mìíràn tó pé, èmi yóò tún ti sọ ọ́ nù, nítorí pé ife náà kò ní dópin.

Ọjọ́ náà pé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ wọ́n jókòó sí pálọ̀: Bàbá Alájì, àna mi, àti àwọn àgbà ilé mẹ́ta. Sìdíkátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìborùn. Ìgò wà lórí tábìlì. Bàbá Alájì bu ife tí ó kẹ́yìn, ó ní, "Ẹ máa wò ó bí yóò ṣe mu ún, lẹ́yìn náà a ó sọ̀rọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kò sí ohun tí ẹ kò ṣe fún mi. N kò lè mu èyí mọ́."

"Kí ló dé?"

Mo gbé ìgò náà, mo ka ara rẹ̀ lédè òyìnbó, mo túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Wáìnì ni wọ́n pè é níhìn-ín. Ọtí tí wọ́n fi èso àjàrà ṣe ni, wọ́n wá bu oògùn díẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ní àìsàn tèmi kò gbọdọ̀ fi í kan ahọ́n. Fítámì ni dókítà fún mi, èyí kì í ṣe òun."

Bàbá Alájì ní, "Ṣé ohun tí ò ń wí lójú àna rẹ ni pé mò ń mutí?"

"Ohun tí mò ń wí ni pé wọ́n tàn yín, Bàbá."

"Wọ́n tàn mí. Èmi. Ọmọ tí ń jẹ oúnjẹ ewúrẹ́ ni kò ṣeé tàn."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Bàbá Alájì na ọwọ́ mú ife náà. Ó sọ Bísímílà, ó gbé e sẹ́nu níwájú gbogbo wọn, ó mu ún tán, ó sì dojú ife dé sórí tábìlì. Àwọn àgbà ní, "Ọlọ́run yóò fi ṣe àlùbáríkà." Nínú gbogbo ọkùnrin tí ó wà ní pálọ̀ yẹn, èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀mùtí.

Àna mi kó agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ó ní, "Alájì, ẹ ṣeun. Ọmọ yín kò tíì ṣe tán." Sìdíkátù dìde tẹ̀lé e. Kò wo ojú mi. Ìgò ni ó ń wò títí ó fi jáde.

Kò sí ẹni tí ó lé mi nílé. Wọ́n kàn dẹ́kun pípè mí ni. Bí wọ́n bá ṣe sàráà, wọ́n á pín in kọjá ilẹ̀kùn mi. Mo gba yàrá kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀, mo ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò nílé wọn, iṣẹ́ tí ẹni tí ó gboyè yunifásítì kì í fi yangàn.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ báyìí. N kò tíì fi ọtí kan ẹnu láti ìgbà náà. Bí o bá bi mí bóyá fítámì ni, ohun tí mo lè jẹ́rìí sí nìyí. Ó dá ẹsẹ̀ mi padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìka méjì ṣì kú síbẹ̀. Ó dá ọwọ́ mi dúró, ó jẹ́ kí n sùn, ó jẹ́ kí n lè ronú. Kò pa òùngbẹ náà. Ó fún mi ní agbára tí mo fi ń bá a jà ni, ẹni tí ebi ń pa kò lè jà. Bí ẹnìkan bá tà á fún ọ pé yóò mú un kúrò pátápátá, oníṣòwò ni onítọ̀hún. Lọ gba fítámì ti ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ dókítà, jẹ ẹ̀wà rẹ, jẹ èèrí bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá sì gbé ohunkóhun nínú ìgò fún ọ, ìbáà jẹ́ ìyá rẹ ni ó gbé e, kà á kí o tó mu ún. Bí o kò bá lè kà á, wá ẹni tí yóò kà á fún ọ. Bí wọ́n bá ní o ya alágídí, jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀.

N kò ní parọ́ fún ọ pé ìdùnnú ló kún ibi tí mo wà. Ìrọ̀lẹ́ gùn. Ẹni tí ó bá ń mutí a máa ní ẹgbẹ́, èmi kò ní ti àwọn ọlọ́tí mọ́, n kò sì rí ti ilé gbà padà.

Ní oṣù tí ó kọjá, Sìdíkátù wá. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Mo ń gún ẹ̀pà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá Rísíkátù, ẹ kú ilé." Ó wọlé, ó wo yàrá yíká, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá kúnlẹ̀ kí mi, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí a ṣe ń kí èèyàn lọ, ojú rẹ̀ súnmọ́ ojú mi, mo sì mọ̀ pé ẹnu mi ni ó ń gbóòórùn. N kò bínú. Mo la ẹnu, mo mí sí i kí ó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Rísíkátù ti wọ ilé-ìwé." Ó ní, "Ó ń béèrè yín."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Bàbá mi ní Bàbá Alájì kò tíì sọ̀rọ̀."

"Kò ní sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀." Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó bu ẹ̀pà tí mo gún díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó sì padà sí Bẹyẹrúnkà.